“Head” Kì í Ṣe Orí Nìkan: Lámèyítọ́ lórí Ìwé Atúmọ̀-Èdè Elédè-Méjì láti Ìlú Niamey

Ìfáàrà

Ọ̀rọ̀ kúkúrú ni ó sábà máa ń ru ẹrù tí ó wúwo jù lọ nínú èdè. Ẹni tí ó bá fẹ́ dán ìwé atúmọ̀-èdè kan wò, kí ó má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti ibi àwọn ọ̀rọ̀ kàǹkà-kàǹkà. Kí ó ṣí ojú-ewé tí ọ̀rọ̀ tí ọmọdé ń sọ lójoojúmọ́ wà. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni “head” jẹ́ nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́tà mẹ́rin ni, sílébù kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ ẹ̀yà ara, ó lè jẹ́ ọ̀gá, ó lè jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ odò, ó lè jẹ́ làákàyè, ó lè jẹ́ ohun tí a fi ń ka ẹran ọ̀sìn, ó sì tún lè di ọ̀rọ̀-ìṣe. Yorùbá ní orí, orí náà sì ní ọ̀pọ̀ ìtumọ̀. Ìṣòro tí àròkọ yìí dá lé ni pé ìtumọ̀ méjèèjì kò pín bákan náà, síbẹ̀ àwọn ìwé tí a fi ń kọ́ni máa ń fi wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn bí ẹni pé ìbejì ni wọ́n.

Ìdí wà tí ó fi yẹ kí a gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò láti Niamey, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Niger. Ní ìlú yìí ni àjọ UNESCO kó àwọn onímọ̀ jọ sí láti ọjọ́ 17 sí ọjọ́ 21, oṣù Keje, ọdún 1978, láti fi ẹnu kò lórí bí a ó ṣe máa kọ àwọn èdè Áfíríkà sílẹ̀ ní ìlànà kan. Níbẹ̀ náà ni CELHTO wà, ilé iṣẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà tí ń ṣe ìwádìí èdè àti ìtàn láti inú àtẹnudẹ́nu. Ṣùgbọ́n ìdí tí ó mú ọ̀rọ̀ náà di kánjúkánjú kò tíì pẹ́. Ìwé òfin ìpìlẹ̀ tí ìjọba ológun Niger buwọ́ lù ní ọjọ́ 26, oṣù Kẹta, ọdún 2025 sọ Hausa di èdè orílẹ̀-èdè, ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé sí ipò èdè iṣẹ́. Faransé nìkan ni ó ti wà ní ipò èdè ìjọba tẹ́lẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ yóò wá ìwé tí wọn yóò fi kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ìwé náà yóò sì ti Nàìjíríà àti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá pẹ̀lú àbùkù tí ó bá wà nínú rẹ̀.

Àwọn ọmọ Yorùbá wà ní Niamey, láti Nàìjíríà àti láti orílẹ̀-èdè Benin. Ọmọ tí a bá tọ́ níbẹ̀ lè gbọ́ Yorùbá nílé, Zarma ní àdúgbò, Hausa lọ́jà àti Faransé ní kíláàsì, kí Gẹ̀ẹ́sì tó wọlé dé. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí a fi ṣe òṣùwọ̀n ìwé atúmọ̀-èdè, nítorí pé òun ni àléébù rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ hàn sí.

Ìtàn inú ọ̀rọ̀ náà

Hēafod ni àwọn ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ń pe orí. Ó bá Haupt ti èdè Jámánì àti caput ti èdè Látìn tan. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ìbátan mẹ́ta yìí kún fún ẹ̀kọ́. Jámánì gba Haupt kúrò lọ́rùn ènìyàn díẹ̀díẹ̀, ó fi Kopf rọ́pò rẹ̀, ó sì ya Haupt sọ́tọ̀ fún ohun tí ó bá ṣe pàtàkì jù. Ìdí nìyí tí olú-ìlú fi ń jẹ́ Hauptstadt. Faransé náà ṣe ohun tí ó jọ bẹ́ẹ̀. Caput di chef, chef fi ara sílẹ̀, ó bọ́ sínú oyè, testa tí ó jẹ́ ìkòkò tàbí àpáàdì nínú Látìn sì wá di tête, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pe orí lónìí. Gẹ̀ẹ́sì kò pín ogún náà. Ó fi “head” sílẹ̀ fún ara àti fún oyè pọ̀, ó sì tún lọ yá àwọn ọmọ caput kún un: “chief”, “captain”, “capital” àti “chapter”.

Ohun tí èyí túmọ̀ sí fún akẹ́kọ̀ọ́ Niamey kò ṣòroó rí. Ó mọ tête, ó mọ chef. Ó mọ ẹni tí í ṣe chef de quartier ní àdúgbò rẹ̀. Ó tilẹ̀ lè ti kà pé ní 1926 ni Niamey rọ́pò Zinder gẹ́gẹ́ bí chef-lieu Niger. Ṣùgbọ́n Faransé kò sọ fún un mọ́ pé orí ni chef tẹ́lẹ̀. Bí olùkọ́ bá wí fún un pé “head” ni tête, ó ti fi ìdajì ọ̀rọ̀ náà pamọ́ fún un. Bí ó bá wí fún un pé “head” ni chef, ó fi ìdajì kejì pamọ́.

Ohun tí àwọn ìwé atúmọ̀-èdè ṣe

Samuel Àjàyí Crowther tẹ àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ jáde ní London ní 1843, ẹ̀dà tí ó kún jù ú lọ sì jáde ní 1852. T. J. Bowen gbé tirẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 1858. Ní 1913, ilé ìtàwé CMS ní Èkó tẹ ìwé atúmọ̀-èdè alápá méjì, Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá àti Yorùbá sí Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí a tún tẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà tí ó sì ṣì wà lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ní 1958 ni R. C. Abraham gbé ìwé ńlá tirẹ̀ jáde, Yorùbá sí Gẹ̀ẹ́sì nìkan.

Kí lámèyítọ́ tó rí àléébù, ó yẹ kí ó rí iṣẹ́. Crowther kò rí ẹni tí yóò fara wé ní irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀. Ẹrú tí ó gba òmìnira ni, ó sì ń kọ èdè abínibí rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí kò tíì sí àdéhùn kankan lórí bí a ó ṣe kọ ọ́. Àwọn tí ó ṣe ìwé ọdún 1913 fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ lè gbé e dání, kí ó sì lè rà á. Abraham ní tirẹ̀ fi gbólóhùn àti àkànlò-èdè ti ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn, ó sì fi nọ́ńbà ya ìtumọ̀ kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Ohun tí ó ṣe ni ó sún mọ́ ohun tí ó yẹ jù.

Àléébù ìwé ọdún 1913 wà nínú ohun kékeré kan: kọ́mà. Ní apá Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń ṣíwájú, àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá a sì tẹ̀ lé e, kọ́mà láàrin wọn. Kọ́mà kì í sọ fún òǹkàwé ìgbà tí a ń lo èyí àti ìgbà tí a ń lo ìyẹn. Ó ń ṣe bí ẹni pé èyíkéyìí tí a bá mú nínú wọn dára. Ọmọ Yorùbá tí ó gbọ́ èdè rẹ̀ dáadáa lè fi etí ara rẹ̀ yan èyí tí ó bá ibẹ̀ mu. Ọmọ Niamey tí Yorùbá ilé nìkan ni ó gbọ́ kò ní irú etí bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó bá kọ́kọ́ rí ni yóò mú.

Àléébù kejì jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú apá kìíní ìwé náà, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń béèrè ìbéèrè. Yorùbá ń dáhùn. Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì kò bá ní ọ̀rọ̀ fún kò lè di ìbéèrè. Abraham yí i padà, ó jẹ́ kí Yorùbá béèrè, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì náà ni ó ń dáhùn. Ó yẹ fún àkíyèsí pé ọkùnrin kan náà yìí ti ṣe ìwé atúmọ̀-èdè Hausa ní àwọn ọdún 1940. Ó mọ kai ti Hausa, ó mọ orí ti Yorùbá, ó sì kọ ìwé ńlá lórí èdè méjèèjì. Síbẹ̀ àwọn ìwé náà kẹ́yìn sí ara wọn, wọ́n kọjú sí Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé atúmọ̀-èdè Zarma tí Yves Bernard àti Mary White-Kaba ṣe ní 1994 kọjú sí Faransé. Báyìí ni aládùúgbò mẹ́ta ṣe ń gbé ògiri kan náà, tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sì lè kí ìkejì àfi kí ó kọ́kọ́ gba London tàbí Paris kọjá.

Ibi tí “head” àti orí ti forí korí

Kì í ṣe òótọ́ pé èdè méjèèjì kò pàdé rárá. Àkọlé abala yìí gan-an jẹ́rìí sí i, nítorí pé nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bá ń gbìmọ̀, wọn a ní àwọn kó orí àwọn pọ̀. Yorùbá a ní àwọn forí korí. Ìṣó ní orí nínú èdè méjèèjì. Ẹni tí kò gbọ́ràn jẹ́ “headstrong” lọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, olóríkunkun lọ́dọ̀ Yorùbá. “Head of the family” ni olórí ẹbí. Ọ̀rọ̀-ìṣe náà tilẹ̀ bá ara mu lọ́nà tí ó yani lẹ́nu: ẹni tí ó “head for” Dosso láti Niamey ti kọrí sí Dosso, ó ti forí lé ọ̀nà.

Ṣùgbọ́n nínú ìbáramu wọ̀nyí pàápàá, ẹni tí ó bá fetí sílẹ̀ yóò gbọ́ ìyàtọ̀. “Olórí” kì í ṣe orí. Oní àti orí ni ó para pọ̀ di í: ẹni tí ó ni orí. Gẹ̀ẹ́sì sọ pé ọ̀gá ni orí, àwọn yòókù sì di ara. Yorùbá kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó sọ pé orí kan wà tí gbogbo ẹbí jọ ní, ẹnì kan sì ni ó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Yorùbá tún ní “aṣíwájú”, ẹni tí ń lọ níwájú, àti “baálé”, baba ilé. Àwòrán mẹ́ta ni ìwọ̀nyí, wọn kò sì ṣe é fi rọ́pò ara wọn níbi gbogbo. Nínú gírámà, “olórí awẹ́ gbólóhùn” ni àwọn olùkọ́ máa ń wí, wọn kì í wí pé “aṣíwájú awẹ́ gbólóhùn”, nítorí pé awẹ́ náà lè gbẹ̀yìn nínú gbólóhùn kí ó sì ṣì jẹ́ olórí.

Orí tún ni a ń pe ìpín kọ̀ọ̀kan nínú ìwé: orí kìíní, orí kejì. “Chapter” náà, bí a ti rí i lókè, ọmọ caput ni, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ti gbàgbé orí inú rẹ̀. Yorùbá kò gbàgbé. Hausa ní tirẹ̀ ń pe ìpín ìwé ní babi, láti inú ọ̀rọ̀ Lárúbáwá tí ó túmọ̀ sí ilẹ̀kùn. Ní kíláàsì kan ṣoṣo ní Niamey, akẹ́kọ̀ọ́ kan lè ṣí ìwé láti orí, kí ẹnìkejì rẹ̀ sì gba ẹnu-ọ̀nà wọ inú ìwé kan náà.

Ibi tí ọ̀nà ti yà

Gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì tí ó sọ pé àgbàlagbà kan jókòó sí “the head of the table” ni àpẹẹrẹ tí ó yẹ kí gbogbo olùkọ́ há sórí. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fi orí sí ibi tí “head” wà, ohun tí yóò kọ ni pé bàbá náà jókòó sí orí tábìlì. Gírámà gbólóhùn náà péye, àmì ohùn rẹ̀ péye, ṣùgbọ́n ó ti gbé àgbàlagbà gun orí tábìlì bí àwo ọbẹ̀. Ohun tí Yorùbá ń sọ ni pé bàbá jókòó sí ìdí tábìlì, ní ipò àgbà. Ìdí ni Yorùbá rí níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ti rí orí.

Ẹ̀kejì ni kíka ẹran. “Fifty head of cattle” jẹ́ àádọ́ta màlúù. Àádọ́ta orí màlúù wà o, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ alápatà ni a ti lè rí i. Síbẹ̀ kò tọ́ kí a sọ pé Yorùbá kì í fi orí ka nǹkan. Owó-orí ni a ń pe owó tí ìjọba ń gbà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Òun ni àwọn obìnrin Abẹ́òkúta, tí Funmilayo Ransome-Kuti ṣe aṣíwájú wọn, bá ìjọba jà lé lórí ní 1947. Owó-orí yìí kan náà tún ni ohun tí ọkọ ń san lórí ìyàwó. Ọ̀rọ̀ pọ́nna ni, ẹni tí ó bá sì fi “head money” túmọ̀ rẹ̀ níbi ìgbéyàwó yóò rò pé ìyàwó ń san owó ìjọba.

Ẹ̀kẹta ni orí àti làákàyè. Gẹ̀ẹ́sì a máa yin ọmọ tí ó gbọ́n pé ó ní “a good head”. Lójú Yorùbá, ẹni tí ó ní orí rere kì í ṣe ọlọ́gbọ́n dandan. Olóríire ni, ẹni tí nǹkan ń bọ́ sí i. Ọlọ́gbọ́n kan lè jẹ́ olórí burúkú, òmùgọ̀ sì lè jẹ́ olóríire, àgbàlagbà kò sì ní rí ohun ìyanu nínú rẹ̀. Bí Yorùbá bá fẹ́ fi orí sọ̀rọ̀ ọpọlọ, yóò ní orí rẹ̀ pé, tàbí orí rẹ̀ dàrú. Rere àti burúkú wà fún ìpín. Pípé àti dídàrú wà fún ọpọlọ. Kò sí ìwé tí ó fi kọ́mà to ọ̀rọ̀ jọ tí ó lè fi èyí han akẹ́kọ̀ọ́.

Ẹ̀kẹrin ni pé níbòmíràn, orí wà nínú èrò Yorùbá láìjẹ́ pé a fojú rí i. Láti “carry on the head” gba ọ̀rọ̀ mẹ́rin nínú Gẹ̀ẹ́sì. Rù nìkan ti tó Yorùbá. Ẹni tí ó bá rù ú kò pọ̀n ọ́n, kò sì gbé e kọ́ èjìká. Ìwé atúmọ̀-èdè tí ó bá ń wá orí ní gbogbo ibi tí “head” bá wà kò lè rí rù láéláé.

Àwọn tí wọ́n túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá ti fi ọ̀nà mìíràn hàn. Níbi tí Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti lo “head” fún òkúta tí ó di igun ilé mú, wọn kò kọ orí síbẹ̀. Pàtàkì igun ilé ni wọ́n pè é, ọ̀rọ̀ náà sì ti di àkànlò-èdè lẹ́nu àwọn tí kì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì pàápàá. Wọ́n túmọ̀ iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà ń ṣe. Ìwé atúmọ̀-èdè ni kò tíì kọ́ irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wọn.

Kí ni àwọn aládùúgbò wí?

Níbí ni Niamey ti ní ohun tí Ìbàdàn àti London kò ní. Kai ni Hausa ń pe orí; boŋ ni Zarma ń pè é. Nígbà tí Yorùbá bá gbé ìwé lé orí tábìlì, a kan náà ni Hausa ń wí: a kan, kan yìí sì ni kai tí ó yí padà díẹ̀. Zarma a fi boŋ sí ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ náà, ìtumọ̀ rẹ̀ a sì jẹ́ lórí. Èdè mẹ́ta tí kì í ṣe ẹbí kan náà ni wọ́n sọ ẹ̀yà ara kan náà di ọ̀rọ̀ gírámà. Àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè bíi Bernd Heine àti Mechthild Reh, nínú ìwé wọn ti 1984, ti fi hàn bí irú ìyípadà báyìí ṣe wọ́pọ̀ tó ní Áfíríkà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó gbọ́ Zarma kò nílò àlàyé gígùn kí ó tó mọ̀ pé “on the table” ni orí tábìlì. Boŋ ti kọ́ ọ. Gẹ̀ẹ́sì ni ó yàtọ̀.

Lórí ìpín pẹ̀lú, Zarma àti Yorùbá bára mu. Oríire ní èdè Zarma ni boŋkaaney: boŋ ni orí, apá kejì sì ni adùn. Orí tí ó dùn ni oríire. Ẹni tí ó bá fi boŋkaaney ṣàlàyé olóríire fún ọmọ Niamey ti parí iṣẹ́ tí ojú-ewé méjì Gẹ̀ẹ́sì kò lè parí.

Kò yẹ kí èyí mú ẹnikẹ́ni rò pé Áfíríkà wà ní apá kan, Yúróòpù sì wà ní apá kejì. Ẹ̀rí kò gbà bẹ́ẹ̀. Girman kai, títóbi orí, ni Hausa ń pe ìgbéraga, ó sì sún mọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí ń sọ pé orí agbéraga wú. Ṣùgbọ́n nígbà tí Yorùbá bá ní orí òun wú, inú rẹ̀ ni ó dùn dé góńgó. Bóyá ẹnì kan ki oríkì rẹ̀, bóyá ọmọ rẹ̀ gba ẹ̀bùn. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Taurin kai ti Hausa, líle orí, bá oríkunkun mu, ó sì bá “headstrong” mu. Ní ti ọ̀rọ̀ tí ó ń tọ́ka padà sí olùwà, Hausa ní kansa, Zarma ní boŋ, àwọn méjèèjì fi orí ṣe é. Yorùbá fi ara ṣe tirẹ̀: ó pa ara rẹ̀. Ní ti oyè, Hausa ní shugaba, tí iwájú wà nínú rẹ̀ bí ó ti wà nínú aṣíwájú. Zarma ní koy, olúwa tàbí oní-nǹkan, gẹ́gẹ́ bí a ti ń gbọ́ ọ nínú oyè Zarmakoy ti Dosso.

Àbájáde rẹ̀ ni pé kò sí èdè kan tí ó lè ṣe òṣùwọ̀n fún àwọn yòókù. Níbi kan Yorùbá bá Zarma lọ, níbòmíràn Hausa bá Gẹ̀ẹ́sì lọ, ní ibi kẹta Hausa àti Zarma fi Yorùbá sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan kò dọ́gba pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan. Ìlò kan ni ó lè dọ́gba pẹ̀lú ìlò kan. Ìwé atúmọ̀-èdè tí kò bá gbà bẹ́ẹ̀ ń fi òṣùwọ̀n epo wọn aṣọ.

Orí gẹ́gẹ́ bí ìpín

Ohun tí ó léwu jù nínú ìdọ́gba èké ni ohun tí ó ń ṣe sí ọ̀rọ̀ abínibí fúnra rẹ̀. Nínú èrò Yorùbá, orí òde tí a ń fọwọ́ kàn jẹ́ àmì orí inú. Àwọn ẹsẹ Ifá tí Wande Abimbola kó jọ, tí ó sì ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀ ti 1976, sọ ti Àjàlá alámọ̀ tí ń mọ orí, àti ti àwọn tí wọ́n lọ yan tiwọn lọ́dọ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó wá sáyé. Orí tí a yàn ni a ń bọ, òun ni a ń bẹ̀, òun ni a ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí àwọn olùtumọ̀ sábà máa ń fi sí ipò rẹ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì ni “fate” tàbí “destiny”. Ọ̀rọ̀ méjèèjì mú ìpín, wọ́n fi ara sílẹ̀. Kò sí ẹni tí ó lè di gèlè mọ́ “destiny”, kò sí ẹni tí ó lè gbé ọwọ́ lé “fate” láti súre fún ọmọ. Orí ni a ń dì, orí ni a ń súre lé, orí kan náà ni ìpín.

Yorùbá ní ọ̀rọ̀ mìíràn tí kò ní ara: kádàrá, tí ó ti inú Lárúbáwá wá, tí Hausa náà sì ń lò ní ƙaddara. Mùsùlùmí Yorùbá àti Mùsùlùmí Hausa ní Niamey lè fi ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ ara wọn yé láìsí ògbufọ̀. Kádàrá ni ó bá “destiny” mu jù. Bí a bá fi “destiny” túmọ̀ orí àti kádàrá pọ̀, ìyàtọ̀ tí Yorùbá fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ yóò parẹ́ nínú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan. Ohun tí ó burú ju ìyẹn lọ ni pé ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ni ó ń ti inú àlàyé Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ìtumọ̀ orí báyìí. Wọ́n ń gba ohun ìní wọn padà lọ́wọ́ ẹni tí ó ti gé e kù.

Ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe

Àwọn àgbà ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Àléébù ìwé ọdún 1913 kò sọ pé kí a sọ ọ́ nù. Ohun tí ó yẹ ni kí olùkọ́ mọ ibi tí agbára rẹ̀ pin sí, kí ó sì fi iṣẹ́ tirẹ̀ kún un.

Lákọ̀ọ́kọ́, kí a to “head” ní ìlò-ìlò: ara, oyè, ipò lórí nǹkan, ọpọlọ, ìbẹ̀rẹ̀, iye, ọ̀rọ̀-ìṣe. Kí ìlò kọ̀ọ̀kan ní gbólóhùn tirẹ̀ nínú Yorùbá, Hausa, Zarma àti Faransé, kí kọ́mà má sì ṣe dí ipò gbólóhùn. Lẹ́yìn èyí, kí a fi ìkìlọ̀ sí ibi tí ìdẹkùn wà, bíi orí tábìlì àti orí rere. Ìwé tí ó bá ń sọ ohun tí ọ̀rọ̀ túmọ̀ sí láìsọ ohun tí kò túmọ̀ sí ti ṣe ààbọ̀ iṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ àkọtọ́ náà kò ṣe é fojú fò. Ọmọ Yorùbá tí ó ti Nàìjíríà wá ń kọ ẹ̀fọ́rí. Ẹni tí ó ti Benin wá ń kọ ɛ̀fɔ́rí, gẹ́gẹ́ bí ìlànà tí orílẹ̀-èdè rẹ̀ gbé kalẹ̀ ní 1975. Orísun ìyàtọ̀ náà kò jìnnà sí irú ìjíròrò tí a ṣe ní Niamey ní 1978. Orí nìkan ni ó ṣe ire, tí ìkọsílẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà ní ìhà méjèèjì ibodè. Ṣùgbọ́n òun náà nílò àmì ohùn. Láìsí àmì, “ori” lè jẹ́ orí tí ó wà lọ́rùn, ó sì lè jẹ́ òrí tí a ń fi pa ara. “Olori” lè jẹ́ olórí ìlú, ó sì lè jẹ́ olorì tí ó wà láàfin. Olùkọ́ tí kò bá kọ àmì ohùn ti dá ọ̀rọ̀ pọ́nna sílẹ̀ níbi tí èdè kò dá a sí.

A lè jiyàn pé iṣẹ́ yìí pọ̀ jù fún ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Òótọ́ ni pé kò sí olùkọ́ tí ó lè ṣe báyìí fún gbogbo ọ̀rọ̀ inú ìwé. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rọ̀ tí ó nílò rẹ̀ kò pọ̀ jù. Orí, ojú, ẹnu, ọwọ́, ẹsẹ̀, inú, ẹ̀yìn: ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ ara wọ̀nyí ni ó gbé àìmọye àkànlò-èdè àti ọ̀rọ̀ gírámà ró. Ẹni tí ó bá kọ́ wọn dáadáa ti ní kọ́kọ́rọ́ sí ilé púpọ̀.

Ìgúnlẹ̀

Ìpàdé ọdún 1978 béèrè bóyá àwọn èdè Áfíríkà lè pín lẹ́tà kan náà. Ìbéèrè tí ó kàn lẹ́yìn rẹ̀ ni bóyá wọ́n lè ka ìtumọ̀ ara wọn láìjẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì tàbí Faransé dúró láàrin. Ọ̀rọ̀ “head” fi hàn pé wọ́n lè ṣe é, ó sì fi hàn pé Gẹ̀ẹ́sì pàápàá máa ń yéni sí i nígbà tí orí, kai àti boŋ bá jọ jókòó yí i ká. Gẹ̀ẹ́sì ti di èdè iṣẹ́ ní Niger. Bí a ó ṣe kọ́ ọ kò tíì di bárakú, nítorí náà àyè ṣì wà láti kọ ìwé tí ó yẹ. Ìwé atúmọ̀-èdè Yorùbá, Hausa àti Zarma tí ó kọjú sí ara wọn tààrà, tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé sì wà ní ẹ̀gbẹ́ gẹ́gẹ́ bí àlejò, ni iṣẹ́ tí ó dúró de àwọn onímọ̀ àti olùkọ́ ìlú náà. Láti ibi ọ̀rọ̀ orí ni ó yẹ kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.